Iná Kọ́ Ni Ó Pọ̀ Jù: Èdè-Ìperí fún Ẹ̀rọ Amómigbóná Tí Ó Ń Gbóná Jù

1. Ìfáàrà

Bí a bá dárúkọ omi gbígbóná ní Èkìtì, Ìkógòsì ni ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́kọ́ máa ń lọ sí. Níbẹ̀ ni omi tí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ti ń sun jáde láti inú ilẹ̀, tí omi tútù náà ń ṣàn bọ̀ láti ọ̀nà tirẹ̀, tí àwọn méjèèjì sì ń pàdé. Ọgbà ìgbafẹ́ ibẹ̀ ní adágún ìlúwẹ̀ẹ́ tí ó ń lo omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ yìí. Ẹnikẹ́ni kò dáná sí i. Omi òjò tí ó rì wọ inú ilẹ̀ lọ jìnnà ni ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ń mú gbóná kí ó tó tún sun jáde.

Ilẹ̀ kò ṣe irú oore bẹ́ẹ̀ fún Ìkẹ́rẹ́ àti àwọn ìlú mìíràn ní gúúsù Èkìtì. Bí ilé ìtura kan níbẹ̀ bá fẹ́ adágún ìlúwẹ̀ẹ́ tí omi rẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́, àfi kí ó ra ẹ̀rọ tí yóò máa mú un gbóná. Ohun tí a rà a sì máa bàjẹ́. Ìbàjẹ́ kan wà tí ó wọ́pọ̀ lára irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀: yóò gbóná kọjá ààlà, yóò pa ara rẹ̀, wọn yóò tún un tàn, yóò tún pa ara rẹ̀. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a fi kọ ìwé ìlànà tí ó bá ẹ̀rọ náà wá, ṣùgbọ́n èdè Yorùbá ni ọ̀pọ̀ àwọn tí ń tún ẹ̀rọ ṣe fi kọ́ iṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá wọn. Láàrin ìwé àti oníṣẹ́ ni olùtumọ̀ wà.

Ohun tí a fẹ́ fi hàn nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé ọ̀rọ̀ tí olùtumọ̀ bá yàn ni yóò darí ojú oníṣẹ́ sí ibi tí yóò kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Bí ọ̀rọ̀ náà bá darí rẹ̀ síbi tí kò yẹ, omi lè bó ènìyàn lára.

2. Ooru àti Ìwọ̀n Ìgbóná

Ìṣòro àkọ́kọ́ wà lára ọ̀rọ̀ tí gbogbo wa mọ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo náà, "ooru", ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ fi ń túmọ̀ ohun méjì tí sáyẹ́ǹsì yà sọ́tọ̀. Èkíní ni agbára tí ó ń ti ibi tí ó gbóná lọ sí ibi tí kò gbóná tó o. Èkejì ni bí nǹkan ti gbóná tó, èyí tí tẹmómítà ń wọ̀n. Àwọn onímọ̀ Yúróòpù pàápàá kò tètè rí ìyàtọ̀ yìí. Ní 1742 ni Anders Celsius, ará Síwídìn, dábàá òṣùwọ̀n tí a ń fi orúkọ rẹ̀ pè títí di òní. Síbẹ̀, ó di nǹkan bí 1760 kí Joseph Black, onímọ̀ kẹ́místrì ní Skọ́tíláǹdì, tó fi àyẹ̀wò là á yé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ pé ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n.

Ẹ jẹ́ kí a fi omi ilé wa wò ó. Ká ní ìdá mẹ́rin lítà omi kan ń hó nínú ife, ní dígírì 100. Lítà 20 omi sì wà nínú garawa, ní dígírì 37 péré. Bí àwọn méjèèjì bá tutù padà sí dígírì 27, ooru tí yóò jáde láti inú garawa yóò tó ìlọ́po 11 èyí tí yóò jáde láti inú ife. Ife ni ó gbóná jù. Garawa ni ó ní ooru púpọ̀ láti fi sílẹ̀. Olùkọ́ tí ó bá pe méjèèjì ní "ooru" kò ní rí ọ̀nà tí yóò gbà ṣàlàyé èyí.

Ó dà bí ẹni pé èdè wa ti ṣe ìpínyà náà fún wa. A máa ń wí pé "ooru ń mú mi". Nínú gbólóhùn yìí, ooru ni olùwà, ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀ sì ni àbọ̀. Ohun tí ó ti ìta wá bá ènìyàn ni a ka ooru sí. Ṣùgbọ́n a máa ń wí pé "omi gbóná"; omi ni olùwà, ìṣe ọ̀rọ̀ náà sì ń sọ ipò tí omi wà. Nítorí náà, a dábàá pé kí "ooru" dúró fún agbára tí ó ń wọlé tàbí tí ó ń jáde, kí "ìwọ̀n ìgbóná" sì dúró fún ipò tí tẹmómítà ń wọ̀n.

3. Ohun Tí Ayangàrí Ti Mọ̀

Ẹ wo ẹni tí ó ń yan gàrí. Bí ó ti ń fi igbá da gàrí síhìn-ín sọ́hùn-ún nínú agbada, gàrí ń yan, kò jóná. Bí ó bá dáwọ́ dúró láti bá ẹnìkan sọ̀rọ̀, gàrí yóò jóná mọ́ agbada. Igi kankan kò wọ inú ààrò ní àkókò náà. Iná kò fi nǹkan kan pọ̀ sí i. Gàrí tí ó yẹ kí ó gbé ooru kúrò lójú agbada ni kò kúrò mọ́. Awakọ̀ náà mọ èyí: bí ọkọ̀ bá ń gbóná jù, omi inú rédíétọ̀ ni yóò kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti ẹ̀rọ tí a ń sọ. Pọ́ǹpù ń fa omi láti inú adágún, omi ń gba inú asẹ́ kọjá, ó ń wọ inú páìpù bàbà tí iná wà lábẹ́ rẹ̀, ó sì ń padà sínú adágún. Ká ní agbára iná náà jẹ́ kílówáàtì 70, tí lítà omi 2 sì ń kọjá ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Níwọ̀n bí ó ti jẹ́ pé nǹkan bí júùlù 4,186 ni ó ń gbé kílógíráàmù omi kan sókè ní dígírì kan, omi tí ó wọlé ní dígírì 27 yóò jáde ní nǹkan bí 35. Ṣùgbọ́n bí asẹ́ bá dí, tí ìṣàn omi sì dín kù sí ìlàjì lítà, iná kan náà yóò gbé omi náà dé dígírì 60. Iná kò yí padà. Omi ni kò ṣàn tó. Omi tí ó gbóná tó dígírì 60 sì lè bó ènìyàn lára láàrin ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀.

4. Àwọn Èdè-Ìperí Tí A Dábàá

Ọ̀nà tí àwọn aṣáájú wa là sílẹ̀ nínú ìwé èdè-ìperí tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984 ni a tọ̀: a kọ́kọ́ wá ọ̀rọ̀ tí ó ti wà nílẹ̀, a ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ níbi tí kò bá sí, a sì yá ọ̀rọ̀ lò níbi tí àwọn oníṣẹ́ ti yá a ṣáájú wa. Ìdí nìyí tí a kò fi fọwọ́ kan "pọ́ǹpù" àti "fáàfù".

Amómigbóná: ẹ̀rọ tí ó ń mú omi gbóná.

Àgbónájù: ìgbóná tí ó kọjá ààlà nítorí pé ooru tí ó ń wọlé pọ̀ ju èyí tí ó ń jáde lọ. Ìlànà "àsùnjù" àti "àpẹ́jù" ni a fi ṣẹ̀dá rẹ̀. Àwọn kan lè wí pé kí a lo "ófáhíìtì" tí àwọn mẹkáníìkì ń lò. A kò lòdì sí i lẹ́nu iṣẹ́, ṣùgbọ́n kò bá àwọn ọ̀rọ̀ yòókù tan, akẹ́kọ̀ọ́ kò sì lè tú u palẹ̀. Ohun tí ó ṣe kókó ni pé kí oríkì rẹ̀ mẹ́nu ba wíwọlé àti jíjáde ooru.

Ìwọ̀n ìṣàn: iye omi tí ó ń kọjá láàrin àkókò kan.

Ẹ̀bùrú: ọ̀nà tí omi ń gbà kọjá láìwọ inú páìpù tí iná ń mú gbóná. Ọ̀rọ̀ tí a ń lò fún ọ̀nà àbùjá ni a fẹ ìtumọ̀ rẹ̀.

Èépá: ohun líle bí ẹfun tí ó ń lẹ̀ mọ́ inú páìpù. Gẹ́gẹ́ bí èépá ti ń bo ojú egbò, bẹ́ẹ̀ ni èyí ń bo ojú irin, tí kò jẹ́ kí ooru wọ inú omi.

Olùdarí ìgbóná: èyí tí ó ń tan iná tí ó sì ń pa á kí omi lè wà ní ìwọ̀n ìgbóná tí a fẹ́.

Adènà àgbónájù: èyí tí ó ń gé iná nígbà tí ewu bá dé. Nǹkan bí dígírì 57 ni a fi ààlà rẹ̀ sí nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ.

Méjì tí ó kẹ́yìn yìí ni a kò gbọdọ̀ fún ní orúkọ kan náà. Ọ̀kan jẹ́ òṣìṣẹ́ ojoojúmọ́, èkejì jẹ́ ọdẹ tí ń ṣọ́ ilé.

5. Ìtẹ̀léra Àyẹ̀wò

Bí adènà àgbónájù bá gé iná, olùtumọ̀ tí kò mọ iṣẹ́ rẹ̀ lè kọ ọ́ pé "ẹ tún un tẹ̀ títí yóò fi dúró". Ẹni tí ó ka irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ lè máa tẹ̀ ẹ́ láìwádìí. Bí ó bá sì sú u, ó lè fi wáyà so ẹnu rẹ̀ pọ̀. Ó ti lé ọdẹ lọ nìyẹn. A dámọ̀ràn pé kí ìtumọ̀ tẹ̀ lé ètò yìí:

(i) Ẹ pa ẹ̀rọ, kí ẹ sì jẹ́ kí ó tutù.

(ii) Ẹ wo ìṣàn omi ṣáájú ohunkóhun: ṣé omi adágún kò fà ju bí ó ti yẹ lọ, ṣé asẹ́ kò dí, ṣé pọ́ǹpù kò fa afẹ́fẹ́ dípò omi?

(iii) Ẹ wo àwọn fáàfù. Bí fáàfù ẹ̀bùrú bá ṣí sílẹ̀ jù, omi púpọ̀ yóò yẹ iná sílẹ̀, ìwọ̀nba tí ó kọjá lórí iná yóò sì gbóná jù.

(iv) Ẹ wò bóyá èépá ti dí páìpù inú ẹ̀rọ.

(v) Ẹ fi tẹmómítà mìíràn yẹ olùdarí ìgbóná wò, bóyá ó ń ṣìwọ̀n.

(vi) Ẹ wádìí bóyá ẹ̀ẹ̀kan náà ni wọ́n ń pa iná àti pọ́ǹpù. Ooru ṣì wà lára irin lẹ́yìn tí iná ti kú. Ó yẹ kí omi ṣàn fún ìṣẹ́jú mélòó kan sí i.

(vii) Ìgbẹ̀yìn pátápátá ni kí ẹ tó fura sí adènà àgbónájù. Bí ó bá bàjẹ́, ẹ fi tuntun rọ́pò rẹ̀. Ẹ má ṣe fò ó.

Ohun tí ó yẹ kí a kíyè sí ni pé a kò dé orí adènà títí tí a fi parí ọ̀rọ̀ omi. Ẹni tí ó bá kà á bẹ́ẹ̀ yóò wá omi kí ó tó fẹ̀sùn kan iná.

6. Ìkádìí

Iṣẹ́ tí Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀ ní 1970 ti fi hàn pé a lè fi Yorùbá kọ́ ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní sáyẹ́ǹsì. Ohun tí ó kù ni kí ẹ̀kọ́ náà dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ń fi ọwọ́ ṣe é. A bẹ àwọn olùkọ́ kí wọ́n gbé àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí lọ bá àwọn tí ń tún ẹ̀rọ ṣe ní àdúgbò wọn, kí wọ́n kà wọ́n sí wọn létí, kí wọ́n sì béèrè pé, "Kí ni ẹ ó kọ́kọ́ yẹ̀ wò?" Bí wọ́n bá dáhùn pé asẹ́ ni, tàbí omi, ọ̀rọ̀ wa ti ṣiṣẹ́. Bí wọ́n bá dáhùn pé iná ni, kí a padà wá tún un ṣe.