Ilé Etí Omi Lẹ́yìn Ìfẹ̀yìntì: Ẹ Wádìí Kí Ẹ Tó Sanwó

Ẹ̀yin òbí wa nínú Olúwa, òṣìṣẹ́ ìjọba tó bá pé ẹni ọdún 60, tàbí tó ti lo ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́, mọ̀ pé àkókò ìsinmi ti dé. Ariwo ọkọ̀ àti sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ Èkó ti sú ọ̀pọ̀ nínú wa. Ohun tí ọkàn ń fẹ́ ni ilé kékeré létí ọ̀sà tàbí létí òkun, níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, tí ẹja tútù kò sì jìnnà sí ìkòkò ọbẹ̀.

Ìfẹ́ yìí kò burú. Omi kò lọ́tàá. Ṣùgbọ́n ẹ rántí irú owó tí a fẹ́ fi rà á. Láti ìgbà tí òfin ọdún 2004 ti dé, òṣìṣẹ́ àti agbanisíṣẹ́ ni wọ́n jọ ń dá owó ìfẹ̀yìntì pa mọ́ lóṣooṣù. Apá kan ni a lè gbà lẹ́ẹ̀kan náà. Díẹ̀díẹ̀ ni ìyókù ń wọlé. Bí omi bá gbé apá kan yẹn lọ, iṣẹ́ wo ni bàbá arúgbó yóò tún ṣe tí yóò fi rí i padà? Ẹ jẹ́ kí a yẹ ọ̀rọ̀ mẹ́rin wò.

1. Òkun ń jẹ ilẹ̀. Ẹ wo Ayétòrò ní Ìlàjẹ, ní ìpínlẹ̀ Òǹdó. Onígbàgbọ́ ló tẹ ìlú náà dó ní ọdún 1947. Àdúrà kò wọ́n níbẹ̀. Síbẹ̀, òkun ti gba ọ̀pọ̀ ilé, àwọn ènìyàn sì ń kó sẹ́yìn. Kì í ṣe pé ìgbàgbọ́ wọn kéré; ilẹ̀ abẹ́ ilé ni òkun ń wọ́ lọ.

2. Odò a máa kún. Bí wọ́n bá ṣí omi dáàmù Ọ̀yán, tí ìjọba ṣí ní ọdún 1983, sínú odò Ògùn nígbà òjò, ó lè bo ilé títí dé agbègbè Ìṣẹri àti Àjégúnlẹ̀ lọ́nà Ìkòròdú. Ẹni tó bá lọ wo ilẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, gbígbẹ ni yóò bá a. Ẹ lọ ní oṣù kẹsàn-án tàbí ìkẹwàá, kí ẹ sì ní kí àwọn tó ti pẹ́ níbẹ̀ fi ibi tí omi dé lára ògiri wọn hàn yín.

3. Ìwé ilẹ̀. Láti ọdún 1978 ni òfin ti fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà. Ìwé ọwọ́ ọmọ onílẹ̀ nìkan kò tó. Ẹ jẹ́ kí sọ́fíọ̀ wádìí bóyá ìjọba ti gba ilẹ̀ náà. Ní ọdún 2024 tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí ọ̀nà etíkun láti Èkó dé Calabar, wọ́n wó ọ̀pọ̀ ilé létíkun Èkó.

4. Ọjọ́ ogbó. Atẹ́gùn òkun a máa jẹ páànù àti irin; omi kànga etíkun sì lè níyọ̀. Bí àìsàn bá dé lóru, báwo ni ilé ìwòsàn ṣe jìnnà sí? Bí bàbá bá sì ṣaájú, ṣé ìyá lè dá gbé ibẹ̀? Ẹ má ṣe jẹ́ kí bàbá nìkan pinnu.

Lọ́ọ̀tì fi ojú lásán yan ilẹ̀ tó lómi, a sì mọ ibi tó já sí. Kò pọn dandan kí a sùn sórí omi kí a tó gbádùn rẹ̀. Ní Ẹ̀pẹ́, ènìyàn lè gbé lórí òkè, kó máa sọ̀ kalẹ̀ lọ ra ẹja ní ọjà Olúwo. Bí ó bá ṣeé ṣe, ẹ kọ́kọ́ háyà ilé níbi tó wù yín fún ọdún kan gbáko, kí òjò àti ẹ̀ẹ̀rùn lè bá yín níbẹ̀. Owó ilé ọdún kan kò tó nǹkan lára iye tí ilẹ̀ tí omi gbé lọ yóò ná yín.

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Kí Olúwa fún wa ní ibùgbé àlàáfíà ní ọjọ́ alẹ́ wa. Àmín.