Ọ̀nà Onípákó inú Àbàtà Somerset

Ní ọdún 1970, Ọ̀gbẹ́ni Ray Sweet ń tún kòtò ṣe nínú àbàtà Somerset, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tí ó ṣalábàápàdé pákó kan nísàlẹ̀ ilẹ̀. Iṣẹ́ wọn níbẹ̀ ni wíwa ẹrẹ̀ dúdú tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní peat, èyí tí í ṣe koríko àtayébáyé tí kò jẹrà tán. Àwọn adáná àti àwọn ológbà òdòdó ni í rà á. Orúkọ ọkùnrin yìí ni wọ́n fi sọ ohun tí ó rí: Sweet Track.

Ọ̀nà ni. Gígùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà 2, láti ilẹ̀ gbígbẹ ní Shapwick títí dé erékùṣù Westhay. Àwọn tí ó ṣe é kò ní irin, wọn kò ní ayùn. Àáké òkúta ni wọ́n fi gé igi óákù lulẹ̀ kí wọ́n tó là á sí pákó. Wọ́n tẹ́ igi gbọọrọ sórí ẹrẹ̀, wọ́n gún èèkàn méjì-méjì ní ìdàgẹ̀rẹ̀ kí orí wọn lè kọjá ara wọn, wọ́n sì gbé pákó lé ibi tí èèkàn ti pàdé. Kò gbà ju ẹnì kan lọ lẹ́ẹ̀kan. Bí àna méjì bá pàdé níbẹ̀, ó di dandan kí ọ̀kan fà sẹ́yìn! Lẹ́bàá ọ̀nà náà ni a ti rí ìkòkò tí èso igi wà nínú rẹ̀, àti àáké òkúta aláwọ̀ ewé kan tí a kò lò rí, tí òkúta rẹ̀ ti òkè Alps wá.

Láti ara òrùka inú igi, tí í pọ̀ sí i lọ́dọọdún, àwọn onímọ̀ ti fi hàn pé láàrin ìgbà òtútù ọdún 3807 sí ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 3806 kí a tó bí Jésù ni a gé àwọn igi náà. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ rántí èyí nígbà tí ẹnikẹ́ni bá tún wí pé ẹ̀yà tí kò mọ̀wé kò ní ìtàn. Àwọn ará Somerset wọ̀nyí kò kọ ohunkóhun sílẹ̀.

Bí ọdún 10 péré ni wọ́n fi rìn lórí rẹ̀. Omi tí ó bò ó náà ni ó pa á mọ́, nítorí afẹ́fẹ́ kò dé ibẹ̀, ohun tí í mú igi jẹrà kò sì lè yè. Ṣùgbọ́n bí a bá fa omi kúrò nítorí oko, tí a sì wa ẹrẹ̀ náà lọ, pákó a gbẹ, a sì bàjẹ́. Púpọ̀ nínú àbàtà náà ti lọ bẹ́ẹ̀. Apá kan ọ̀nà náà wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní Shapwick, ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń fa omi sórí èyí tí ó kù nínú ilẹ̀.