Bí Itan Ọmọ Bá Ṣẹ́

Ọmọ tí ó já bọ́ lórí igi máńgòrò, èyí tí ọ̀kadà gbá lẹ́bàá ọ̀nà, a ń rí wọn ní dìsípẹ́ńsárì wa.

Bí itan bá ṣẹ́, ẹ má ṣe fà á, ẹ má ṣe ra á, ẹ má sì ní kí ọmọ dìde wò. Egungun itan ni ó gùn jù nínú ara, ẹ̀jẹ̀ sì lè dà púpọ̀ sínú ẹran láìjẹ́ pé a rí i lóde. Ẹ fi aṣọ rírọ̀ sí àárín ẹsẹ̀ méjèèjì, ẹ fi ọ̀já so èyí tí ó ṣẹ́ mọ́ èkejì, ẹ tẹ́ ọmọ sórí pákó, kí ẹ gbé e lọ sí ọsibítù. Ẹ má fún un lóúnjẹ, nítorí dókítà lè fẹ́ kùn ún lóorun.

Ọjọ́ orí ni dókítà ń wò. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5, POP ni wọ́n sábà fi ń dì í láti ìbàdí dé ẹsẹ̀. Láti ọdún 5 sí 11, wọn a máa fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ méjì sínú eegun; ti ọ̀dọ́langba nípọn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Eegun ìkókó lè so pọ̀ láàrin ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ti ọ̀dọ́langba lè tó oṣù 3.

Èmi kò bú àwọn bàbá wa tí ń to eegun. Ìdì líle ni mo ń bẹ̀rù. Wọ́n gbé ọmọkùnrin ọdún 9 kan wá bá mi rí, ọjọ́ kẹrin tí wọ́n ti fi ọparun di itan rẹ̀ pinpin. Ó ń ké, wọ́n ní kí ó ṣe ọkùnrin. Nígbà tí mo tú u, ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ ti dúdú, ó tutù, kò mọ̀ pé mo fọwọ́ kàn án. Mo sáré gbé e lọ sí ọsibítù, ṣùgbọ́n gígé ni wọ́n gé ẹsẹ̀ náà. Eegun tí ó ṣẹ́ kọ́ ni ó gba ẹsẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀; ìdì náà ni.

Nítorí náà, ìbáà jẹ́ ọparun, ìbáà jẹ́ POP, ẹ máa wo ìka ẹsẹ̀ ọmọ láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́. Bí ó bá tutù, tí ó wú, tí àwọ̀ rẹ̀ yí padà, tí ọmọ kò lè mì í, tàbí tí ìrora ń pọ̀ sí i, ẹ má dúró di ọ̀la. Ẹ gbé e lọ sí ọsibítù ní wákàtí náà kí wọ́n tú u. Abiyamọ kì í gbọ́ ẹkún ọmọ rẹ̀ kí ó má tatí were.