Gọ́ọ̀fù: Bí ọwọ́ ṣe lè mọ ìwọ̀n agbára tó yẹ lórí gíríìnì

Nínú gọ́ọ̀fù, ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù lọ sí yáàdì 300, ẹyọ kan ni wọ́n kà fún un. Ẹni tí bọ́ọ̀lù rẹ̀ ku ẹsẹ̀ bàtà kan péré sí ihò, tó tì í tí kò wọlé, ẹyọ kan náà ni wọ́n máa kà fún òun náà. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà.

Lórí pápá oníhò 18 tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 72, gbígbá 36 ni wọ́n ṣírò fún orí gíríìnì, ìyẹn méjì méjì fún ihò kọ̀ọ̀kan. Ìdajì eré nìyẹn! Ọ̀dọ́ lè fi agbára gbá bọ́ọ̀lù kọjá ti bàbá ẹni 60 ọdún, síbẹ̀ kí bàbá náà fi pọ́tà borí rẹ̀.

Báwo ni ọwọ́ ṣe ń mọ ìwọ̀n? Tí ọ̀rẹ́ yín bá ní kí ẹ ju kọ́kọ́rọ́ sí òun, ẹ ò ní wọn ilẹ̀ kí ẹ tó jù ú. Ojú á wo ibi tó dúró sí, ọwọ́ á sì ṣe ìyókù. Bí pọ́tà náà ṣe rí nìyẹn. Ohun tó ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú ni pé wọ́n ń ro apá, wọ́n ń ro èjìká, wọ́n wá gbàgbé ihò.

Ẹ kọ́kọ́ wo bí ẹ ṣe di pọ́tà mú. Ẹni tó bá dì í mú gírígírí kò ní mọ bí orí irin náà ṣe wúwo tó. Tí mímú tó le jù bá jẹ́ 10, ẹ jẹ́ kí tiyín wà ní 3 tàbí 4. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ jẹ́ kí èjìká máa mi pọ́tà lọ, mi í bọ̀. Tí ihò bá jìnnà, ẹ fà á sẹ́yìn sí i. Ẹ má fi ọrùn ọwọ́ já a lójijì.

Eré tí bọ́ọ̀lù ń sá náà ṣe pàtàkì. Ihò fẹ̀ tó mìlímítà 108, bọ́ọ̀lù sì fẹ̀ díẹ̀ ju 42 lọ. Bọ́ọ̀lù tó ń sáré àsápajúdé gbọ́dọ̀ gba àárín gbùngbùn kó tó lè wọlé, àmọ́ èyí tó rọra ń bọ̀ lè gba etí ihò wọlé.

Ẹ lè fi nǹkan mẹ́ta yìí dánra wò:

1. Ẹ fi ọwọ́ yí bọ́ọ̀lù mẹ́ta lọ sí ihò kí ẹ tó mú pọ́tà.

2. Ẹ wo ihò dípò bọ́ọ̀lù nígbà tí ẹ bá ń gbá a láti ìṣísẹ̀ mẹ́wàá.

3. Ẹ di ojú, ẹ gbá a, kí ẹ sì sọ bóyá ó kù tàbí ó kọjá kí ẹ tó lajú. Tí ohun tí ẹ sọ bá ti ń bá ohun tí ẹ rí mu, ọwọ́ ti ń mọ̀ ọ́n nìyẹn.

Ẹ má gbàgbé ilẹ̀ o. Ìrì àárọ̀ máa ń fa bọ́ọ̀lù sẹ́yìn. Tí oòrùn bá ti gbẹ koríko, bọ́ọ̀lù á máa yọ̀ lọ. Tí koríko bá ń dán lójú yín, ó dorí kọ ibi tí ẹ ń gbá sí, bọ́ọ̀lù á yá. Tó bá ṣókùnkùn, ó kọjú sí yín, ẹ fi agbára díẹ̀ kún un. Àwọn tó kọ́ eré yìí lórí iyanrìn tí wọ́n fi epo pò, irú èyí tó wà láwọn pápá kan ní Nàìjíríà, mọ̀ pé ọwọ́ ní láti tún ẹ̀kọ́ kọ́ tó bá dé orí koríko.

Nítorí náà, ẹni tó bá tètè dé pápá, kó kọ́kọ́ fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá gbá bọ́ọ̀lù lórí gíríìnì ìdánrawò kó tó lọ síbi ihò àkọ́kọ́. Ilẹ̀ ọjọ́ náà ni ọwọ́ rẹ̀ ń kọ́ yẹn.