Kí wọ́n tó hú àdó olóró inú ilẹ̀, ẹnu ará ìlú ni wọ́n ti kọ́kọ́ ń gbọ́

Bí wọ́n bá ní àdó olóró wà nínú ilẹ̀ níbì kan, ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ṣe ni àwọn tó máa hú u yóò kàn gbé ẹ̀rọ dé, tí iṣẹ́ á sì bẹ̀rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ o. Ìbéèrè ni iṣẹ́ náà fi ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú ìpínlẹ̀ Borno. Lọ́dún 2011, Nàìjíríà kéde pé òun ti palẹ̀ àwọn àdó olóró tí ogun abẹ́lé fi sílẹ̀ mọ́. Àmọ́ nígbà tó yá, Boko Haram bẹ̀rẹ̀ sí í ri àwọn èyí tí wọ́n fọwọ́ ara wọn ṣe mọ́ ojú ọ̀nà àti oko. Àgbẹ̀ tó bá fẹ́ padà sílé ò mọ ibi tí òun lè fẹsẹ̀ tẹ̀.

Ta ni wọ́n ń bi léèrè?

Àwọn olùwádìí kì í wọ ibi tí wọ́n bá fura sí. Àárín ìlú ni wọ́n ń jókòó sí. Wọ́n á kọ́kọ́ kí Bulama, ìyẹn baálẹ̀, kí wọ́n tó bá àgbẹ̀, darandaran, awakọ̀ àti ọdẹ sọ̀rọ̀. Wọ́n á bá àwọn obìnrin sọ̀rọ̀ lọ́tọ̀, torí ẹni tó ń ṣẹ́gi, tó ń pọnmi, mọ ọ̀nà tí ọkùnrin ò gbà.

Níbo ni màlúù ti kú? Ọ̀nà wo lẹ ti pa tì, kí ló sì fà á? Ta ló fojú ara rẹ̀ rí i, ta ló kàn gbọ́?

Ibi tí ogun ò bá jẹ́ kí wọ́n dé, àwọn tó sá kúrò níbẹ̀ ni wọ́n ń lọ bá ní àgọ́.

Kí nìdí tó fi ṣe pàtàkì?

Ibi tí ẹ̀rí bá ti dájú, wọ́n á fà á sínú máàpù, wọ́n á sì fi àmì sí i fún àwọn tó ń hú u. Ibi tí wọ́n ti ń dáko lọ́dọọdún láìsí ewu, wọ́n lè yọ ọ́ kúrò. Tí ààlà bá tóbi jù, àgbẹ̀ á pàdánù ilẹ̀ tí kò ní nǹkan kan nínú, ebi ló máa dà. Tó bá kéré jù, ẹ̀mí lè bá a lọ.

Tí ẹ bá rí ohun tó fu yín lára ńkọ́?

Ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ má sọ ọ́ lókùúta, ẹ má dáná sun ún. Ipa ẹsẹ̀ tí ẹ gbà débẹ̀ ni kí ẹ gbà padà. Ẹ kìlọ̀ fáwọn tó wà nítòsí, kí ẹ sì pe ọlọ́pàá.