Ẹ̀rù Ń Bà Mí, Àìsàn Ń Ṣe Mí: Èdè àti Àyẹ̀wò Àrùn Ìbálòpọ̀

Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a fẹ́ ṣàlàyé bí ọ̀rọ̀ ṣe máa ń dá kún ìfòyà ẹni tó fẹ́ lọ ṣe àyẹ̀wò àrùn ìbálòpọ̀, àti bí ìmọ̀ èdè ṣe lè ràn án lọ́wọ́. Ẹ má ṣe rò pé iṣẹ́ dókítà nìkan ni. Orúkọ àrùn, ọ̀rọ̀ tí nọ́ọ̀sì ń sọ àti ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé èsì, èdè ni gbogbo wọn.

Ẹ̀rù àti àìsàn nínú gírámà

Ẹ jẹ́ ká wo gbólóhùn mẹ́ta: "Ẹ̀rù ń bà mí", "Ojú ń tì mí", "Àìsàn ń ṣe mí". Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹni tó ń sọ̀rọ̀ kọ́ ni olùwà, àbọ̀ ni. Elédè Faransé máa ń sọ pé òun "ní" ẹ̀rù, ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ Yorùbá, ẹ̀rù ló ń bani. Ìhun kan náà ni ẹ̀rù àti àìsàn ní nínú gbólóhùn wa, wọ́n sì jọra nínú ara pẹ̀lú. Ẹ̀rù máa ń mú kí àyà máa já, kí òógùn bo ènìyàn, kí inú máa run, kí ó sì máa tọ̀ lemọ́lemọ́. Ẹni tí ẹ̀rù ń bà lè ka ìtọ̀ lemọ́lemọ́ yìí sí àmì àrùn, ẹ̀rù náà á sì tún pọ̀ sí i. Nítorí náà, "ẹ̀rù ń bà mí" kì í ṣe ẹ̀rí pé "àìsàn ń ṣe mí". Àyẹ̀wò ló ń ya méjèèjì sọ́tọ̀.

Orúkọ tó ń ṣini lọ́nà

Ẹ jẹ́ ká mú Nangbéto ṣe àpẹẹrẹ. Ó wà lágbègbè Atakpamé, níbi tí wọ́n ti ń sọ Ifẹ̀, èdè tó bá Yorùbá tan. Ibẹ̀ ni wọ́n ti sé odò Mono, tí iná mànàmáná sì ti ń ti ibẹ̀ wá fún Tógò àti Benin láti ọdún 1987. Adágún ńlá ló wà lẹ́yìn ibi tí wọ́n sé yìí.

Létí irú adágún bẹ́ẹ̀, ẹ̀jẹ̀ inú ìtọ̀ lè jẹ́ àmì bílháásíà. Kòkòrò tó ń gba awọ ara wọlé láti inú omi ló ń fà á. Inú irú ìgbín omi kan ló ti ń dàgbà. Àrùn yìí gbilẹ̀ létí adágún Volta ní Gánà lẹ́yìn tí wọ́n sé odò náà ní Akosombo, àti létí adágún Oyan ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Ní Nàìjíríà, orúkọ tí àwọn Yorùbá ń pè é ni "àtọ̀sí ajá". Bẹ́ẹ̀, àrùn ìbálòpọ̀ ni àtọ̀sí. Ẹ ò rí i pé orúkọ yìí ti so àrùn omi mọ́ àrùn ìbálòpọ̀? Ọmọ tó kàn lọ wẹ̀ á wá máa ru ìtìjú tí kì í ṣe tirẹ̀.

Ìtọ̀ ni wọ́n ń yẹ̀ wò láti rí ẹyin kòkòrò náà. Praziquantel sì ni oògùn rẹ̀. Kí ẹni tó bá rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìtọ̀ sọ fún nọ́ọ̀sì pé òun máa ń wọ inú adágún, kó sì jẹ́ kí wọ́n yẹ àrùn méjèèjì wò, nítorí pé rírí ọ̀kan kò sọ pé èkejì kò sí.

Bákan náà ni hépatite B, àrùn ẹ̀dọ̀. Ó ń ràn nípa ìbálòpọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ló kó o nígbà ìbí tàbí ní kékeré. Èsì "Ag HBs positif" kò sọ irú ìwà tí ènìyàn ń hù.

Ohun tí ìwé èsì ń sọ

Ní ilé ẹ̀kọ́, ohun rere ni "positif". Ní ilé àyẹ̀wò, ó túmọ̀ sí pé wọ́n rí ohun tí wọ́n ń wá. Ẹ jẹ́ ká máa bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń wá. Àyẹ̀wò VDRL kì í wá kòkòrò sífílísì fúnra rẹ̀; èròjà kan tí ara máa ń ṣe ló ń wá, ibà tàbí oyún sì lè mú kí ó jẹ́ "positif". Ìdí nìyí tí wọ́n fi máa ń fi TPHA tì í lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n TPHA náà lè wà ní "positif" títí ayé, lẹ́yìn tí pẹnisilíìnì ti wo àrùn náà sàn.

"Négatif" náà ní àkókò tirẹ̀. Ní ti kòkòrò SIDA, àyẹ̀wò inú ẹ̀jẹ̀ tó ń wá kòkòrò àti èròjà ara pọ̀ máa ń rí i láàárín ọjọ́ 18 sí 45. Àyẹ̀wò kíákíá ti orí ìka lè gba tó ọjọ́ 90. Bí ọ̀rọ̀ náà kò bá tíì pé wákàtí 72, kí ènìyàn má dúró de àyẹ̀wò rárá: kó lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, nítorí oògùn wà tó lè dènà kòkòrò náà.

"Bóyá" kò lópin

Ẹlòmíràn á gba "négatif" ní àkókò tó yẹ, ara á tù ú fún ọjọ́ mélòó kan, lẹ́yìn náà á ní: "Bóyá wọ́n ṣe àṣìṣe." Á tún lọ ṣe òmíràn. Ìtura náà ń kúrú sí i, iyèméjì ń gùn sí i. Kò sí àyẹ̀wò tó lè dáhùn "bóyá". Ohun tí àyẹ̀wò lè dáhùn ni ìbéèrè tó ní ẹ̀yà mẹ́ta: àrùn wo? láti ọjọ́ wo? àyẹ̀wò wo? Ẹ kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀ kí ẹ tó lọ. Lẹ́yìn èsì, ẹ bi nọ́ọ̀sì bóyá ó yẹ kí ẹ tún padà wá, àti ìgbà wo. Bó bá ní kò yẹ, ó tán, àfi bí nǹkan tuntun bá ṣẹlẹ̀. Bí ìfòyà kò bá jẹ́ kí ẹ sùn tàbí kàwé mọ́, ẹ sọ ìyẹn náà fún un. Ìfòyà ní ìtọ́jú tirẹ̀.

Òfin Tógò ti ọdún 2005, tí wọ́n tún ṣe ní 2010, dáàbò bo àwọn tó ní kòkòrò SIDA àti àṣírí wọn. Ẹni tó ń lo oògùn rẹ̀ déédéé, tí wọn kò rí kòkòrò náà mọ́ nínú àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kì í kó o ran ẹnikẹ́ni nípa ìbálòpọ̀. Kí àwa tí à ń kọ́ ìmọ̀ èdè máa ṣàlàyé àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí fún àwọn ará ilé wa, ní èdè tó yé wọn.