Atọ́ka Àbùdá àti Ìrìn Àrùn: Ohun tí Iṣẹ́ Ìwádìí Ẹdẹ Ń Bèèrè Lọ́wọ́ Ògbufọ̀

Ní ìlú Ẹdẹ, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ni Yunifásítì Redeemer's wà, níbi tí ibùdó ìwádìí tí a mọ̀ sí ACEGID ti di ìlú-mọ̀ọ́ká. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹta ọdún 2020, níbẹ̀ ni a ti ka odidi jínómù fáírọ́ọ̀sì àrùn Kòrónà fún ìgbà àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ Áfíríkà. Irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ kò ṣòro láti túmọ̀. Èyí tí ó ṣòro ni iṣẹ́ mìíràn tí àwọn onímọ̀ Ẹdẹ lọ́wọ́ sí, èyí tí ó ń wádìí ìdí tí àrùn kan náà fi ń pa ẹnì kan, tí ó sì ń fi ẹlòmíràn sílẹ̀.

Ibà Lassa ni àpẹẹrẹ tí ó yè kooro jùlọ. Ọdún 1969 ni a kọ́kọ́ dá a mọ̀, èkúté ni ó sì ń gbé fáírọ́ọ̀sì rẹ̀ kiri. Ọ̀pọ̀ ẹni tí ó kó o kì í rí ju ibà díẹ̀ lọ. Àwọn mìíràn a máa ṣẹ̀jẹ̀ títí wọn yóò fi kú. Ní 2024, ìwé àtìgbàdégbà Nature Microbiology tẹ àbọ̀ ìwádìí ọdún méje jáde, tí àwọn ará Ẹdẹ wà lára àwọn tí ó ṣe é. Wọ́n fi ènìyàn 533 tí ibà náà mú ní Nàìjíríà àti Sierra Leone wé 1,986 mìíràn. Láàárín àwọn ará Nàìjíríà, wọ́n rí ìyàtọ̀ kéékèèké nínú DNA, nítòsí jíìnì GRM7 àti jíìnì LIF, tí ó ń bá ikú rìn. Wọ́n sì rí òmíràn níbi jíìnì LARGE1 tí ó ń bá ìdínkù ewu rìn. Jíìnì yìí ni ó ń ṣètò ṣúgà tí a ń so mọ́ purotéènì kan lára sẹ́ẹ̀lì, ibẹ̀ gan-an sì ni fáírọ́ọ̀sì Lassa ń dì mú kí ó tó wọlé. Ṣùgbọ́n ní Sierra Leone, ìbárìn ti LARGE1 yìí kò hàn.

“Bá rìn” ni a lò, a kò lo “fà”. Ẹni méjì lè jọ máa rìn láìjẹ́ pé ọ̀kan ni ó bí èkejì. Ògbufọ̀ tí ó bá kọ ọ́ pé jíìnì GRM7 ń fa ikú ti sọ ohun tí àwọn oníwádìí kò sọ.

Kí ni kí a wá pe ìyàtọ̀ inú DNA yìí? Àmì ni ó kọ́kọ́ ń wá sí ọkàn, ṣùgbọ́n àmì àrùn ti jẹ́ ohun tí aláìsàn ń rí nígbà tí àìsàn bá ti dé, bí orí fífọ́ àti èébì. Ohun tí a ń wí yìí sì ti wà lára ènìyàn kí àrùn tó kàn án. Ilà dùn létí, nítorí pé àbàjà àti gọ̀ǹbọ́ a máa fi ìran ẹni hàn. Ọwọ́ olóòlà ni ilà ti ń wá, sibẹ̀, lẹ́yìn tí a ti bí ọmọ tán. Atọ́ka ni ó yẹ jùlọ. Àwọn onímọ̀ gírámà ti ń lò ó fún wúnrẹ̀n tí ó ń fi iṣẹ́ gírámà hàn, ìtumọ̀ rẹ̀ kò sì ju ohun tí ń tọ́ka lọ. Atọ́ka àbùdá, nígbà náà. Kí jíìnì sì dúró fún ẹyọ kọ̀ọ̀kan, nítorí pé àbùdá jẹ́ gbogbo ohun tí a dá mọ́ni.

Ọ̀rọ̀ tí ó léwu jù nínú iṣẹ́ yìí ni àyànmọ́, tí àwọn kan ń lò fún ohun tí a jogún. Ẹ wo àrùn tí Yorùbá sọ ní fòníkú-fọ̀ladìde, orúkọ tí ó ṣàpèjúwe ìrìn àrùn náà gan-an. Ọmọ ìyá méjì lè jọ ní ẹ̀jẹ̀ SS, kí ọ̀kan má kúrò ní ilé ìwòsàn, kí èkejì sì máa ṣe ìrora lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Lára ohun tí ó ya wọ́n sọ́tọ̀ ni bí hẹmoglóbíìnì tí ọmọ ń lò nínú oyún ṣe pọ̀ tó lẹ́yìn ìbí. Jíìnì BCL11A ni ó ń pa á dé. Níbi tí agbára rẹ̀ bá ti rọ̀, ìrora a máa dínkù. Ní oṣù kọkànlá 2023, Ìlú Ọba fi àṣẹ sí ìtọ́jú Casgevy, tí ó ń gé DNA níbi jíìnì yìí kan náà. Bí olùkọ́ bá ti pe atọ́ka yẹn ní àyànmọ́, báwo ni yóò ṣe wá sọ fún ìyá aláìsàn pé a lè fọwọ́ kàn án?

Ó kù kan. Atọ́ka tí ó ń darí ìrìn àrùn lè má sí lára aláìsàn rárá. Christian Happi, tí ó darí ibùdó Ẹdẹ, ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn lórí ibà tí ẹ̀fọn ń kó bá àwọn ọmọdé. Nínú jíìnì pfcrt ti kòkòrò ibà náà, ìyípadà kan ní ipò 76 a máa bá ìkùnà oògùn chloroquine rìn. Nàìjíríà yí oògùn ibà padà ní 2005. Nítorí náà, ó tọ́ kí a máa sọ atọ́ka aláìsàn àti atọ́ka kòkòrò lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, nítorí pé ọmọ tí chloroquine kò wò sàn nígbà náà lè má ní àléébù kankan nínú àbùdá tirẹ̀.